Ẹja Tó Rọ̀ Sẹ́nu Ọ̀nà Monílọ́lá

Lóṣù tó kọjá, òjò rọ̀ ní Oda, ẹja ló ń já bọ́ nínú rẹ̀. Ẹja láàyè, tí ń jà pàtìpàtì lórí sìmẹ́ńtì. Pẹ̀lú bí àgbàlá wa ṣe fẹ̀ tó, ẹnu ọ̀nà Monílọ́lá nìkan ni wọ́n rọ̀ sí. Ẹnu ọ̀nà tèmi, omi lásán.

Inú bí mi. Kí ló fẹ́ jẹ́ kó má bí mi? Èmi ni ìyálé. Monílọ́lá, ìyàwó Gbémiga, àbúrò ọkọ mi, àná àná yìí ló ti Oǹdó wọlé wá. Ọbẹ̀ tirẹ̀ ló dùn, irun tirẹ̀ ló gún. Ìyá ọkọ wa tí kì í rẹ́rìn-ín sí mi, "uyàwó mi àtàtà" ló ń pè é. Ọ̀run náà wá bá wọn dá sí i!

Àwọn èèyàn gun ọ̀kadà láti Àkúrẹ́ wá ya fọ́tò. Wọ́n ní ojú rere Olúwa ń bẹ lára ìyàwó kékeré. Mo ń gbọ́, mo ń gbá omi lẹ́nu ọ̀nà tèmi.

Nígbà tí Màmá ní ká pín ẹja, Monílọ́lá nawọ́ sí abọ́.

Mo ní, "Dúró ńbẹ̀! Ṣé ìyàwó ló ń mú nǹkan ṣáájú ìyálé ní Oǹdó?"

"Ẹ má bínú, Ìyá Kìtán. Ẹ mú tiyín, mà."

Mo ṣa èyí tó tóbi jù. Àgbà ló ń kọ́kọ́ mú, kò sẹ́ni tó lè bá mi du ìyẹn.

Mo sè é, ó ń ta sánsán, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Gbémiga ní, "Ta ló mọ ibi tí ẹja yìí ti wá? Bó bá lóró ńkọ́?"

Màmá yíjú sí mi. "Ìyá Kìtán, ìwọ lo kọ́kọ́ mú. Ìwọ náà kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

Mo bù ú. Ó kù díẹ̀ kó kan ètè mi, mo dá ọwọ́ dúró. Ẹ̀rù bà mí, n kò jẹ́ purọ́.

"Ẹ gbé e wá, mà." Monílọ́lá rọra gbà á lọ́wọ́ mi, ó jẹ ẹ́, ó lá ọwọ́. "Ó dùn! Iyọ̀ ló kù díẹ̀."

Bí ìyà ńlá bá gbéni ṣánlẹ̀, kéékèèké a máa gorí ẹni. Ọbẹ̀ tí mo fọwọ́ mi sè!

Láti ọjọ́ náà, bí oúnjẹ bá ti délẹ̀, Màmá á ní, "Monílọ́lá, kọ́kọ́ mú." Òun á kúnlẹ̀, á gbé abọ́ síwájú mi: "Ó tì o, Màmá, Ìyá Kìtán làgbà."

Mo máa ń mú. Ipò tó jẹ́ tèmi kó tó mọ̀nà ilé yìí, òun ló wá ń fi ta mí lọ́rẹ.