Wáìnì Tí Wọ́n Ti Ṣí Sílẹ̀

Láti ọjọ́ Ajé ni ẹ̀rù ti ń ba Wúrà. Ọlágòkè, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ti Ìjẹ̀bú dé, ó sì ní òun ń bọ̀ wá kí i lọ́sàn-án Sátidé. Kò tíì sí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ọkọ tó wọ ilé náà ní Alibon nílùú òyìnbó láti ìgbà tí Abíọ́lá, ọkọ Wúrà, ti kú. Oṣù mẹ́rin rèé tí ọkùnrin náà jẹun alẹ́ tán, tó sùn, tí kò jí mọ́. Dókítà ní ọkàn ló dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ìyá ọkọ Wúrà ò gbà. Ta ló se oúnjẹ alẹ́ yẹn? Ohun tí Ọlágòkè bá rí nílé yìí ló máa gbé padà relé, ibẹ̀ ni wọ́n á ti pinnu bóyá ìyàwó ilé ni Wúrà tàbí apànìyàn.

Wáìnì pupa nìkan ni Ọlágòkè ń mu látìgbà tó ti pa mínírà tì. Wúrà ò sì mọ nǹkan kan nípa ọtí. Ìjọ aláṣọ funfun ni tirẹ̀, ọdún mẹ́sàn-án rèé tí kò fẹnu kàn án. Ló bá pe Moṣọpẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé ọtí fún àlejò ní hòtẹ́ẹ̀lì.

"Sister Wúrà, it's easy jàre," ni Moṣọpẹ́ wí lórí fóònù. "Má gbé e sí fridge o. Ṣí i ní one hour kí wọ́n tó dé, let it breathe. Má rọ ọ́ kún glass, kó má kọjá ìdajì. Mú glass yẹn nídìí, kí ìka ẹ má hàn lára ẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún àlejò ni kó o dúró sí."

Wúrà kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé bí ọmọ iléèwé. Ní Sátidé, aago méjì gééré, ó ṣí ìgò náà. Aago mẹ́ta ni Ọlágòkè wọlé. Ó bọ́ bàtà, ó wo àwòrán àbúrò rẹ̀ lára ògiri. Wúrà kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ kú ìrìn."

"O ṣé."

Wúrà gbé wáìnì wá, ó rọ ọ́ láti ọwọ́ ọ̀tún, kò kọjá ìdajì, ìka rẹ̀ kò hàn. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn díẹ̀. Ìgbà tó gbójú sókè ló rí i pé Ọlágòkè ò wo gíláàsì rárá. Ìgò ló ń wò.

"Ta ló ṣí i?"

Háà! Wúrà ti gbọ́ ti òyìnbó títí ó fi gbàgbé ohun tí ọmọdé mọ̀ nílé. Ojú àlejò ni wọ́n ti ń ṣí ọtí, ẹni tó gbé e wá ló sì ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Nínú gbogbo èèyàn tó wà láyé, ọkùnrin yìí ni òun wá gbé ìgò tó ti ṣí ka iwájú rẹ̀!

"Èmi ni, bọ̀ọ̀dá mi. Wọ́n ní kí atẹ́gùn fẹ́ sí i."

"Atẹ́gùn." Ọlágòkè rọra ti gíláàsì náà sọ́dọ̀ rẹ̀. "Tọ́ ọ wò."

Bí Wúrà bá ní ìjọ òun ò gbà á, irú àwáwí tí apànìyàn á wá nìyẹn. Tó bá mu ún, ó ti da ẹ̀jẹ́ ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ̀rù Ọlọ́run bà á, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọkùnrin tó jókòó síwájú rẹ̀ bà á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbé gíláàsì náà, ó mu ún tán. Ó ta á lọ́fun.

Ọlágòkè wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ń dúró! Wúrà jókòó, ó ń wo ẹni tó ń ṣọ́ bóyá òun máa kú. Ìgbà náà ló rí i pé Ọlágòkè ti fa àga rẹ̀ sẹ́yìn kúrò nídìí ìgò náà. Àṣé láti Ìjẹ̀bú ni ọkùnrin náà ti ń bẹ̀rù òun.

Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí Ọlágòkè tó rọ wáìnì sínú gíláàsì kan náà, tó sì mu ún. Kò tíì gbé e sílẹ̀ tí fóònù rẹ̀ fi dún. Ohùn ìyá ọkọ Wúrà gba inú ilé.

"Gòkè, o ò mu nǹkan kan níbẹ̀, àbí?"

"Mo mu, Màámi. Òun ló kọ́kọ́ mu. Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀."

"Gbé fóònù fún un."

Ọwọ́ méjèèjì ni Wúrà fi gbà á. Láti ọjọ́ tí Abíọ́lá ti kú, ìyá yìí ò tíì bá a sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Wúrà," ni ìyá náà wí, ẹkún ti wà lóhùn rẹ̀, "báwo lọmọ mi ṣe kú?"