Ibi Tí Èémí Pasita Ń Sá Sí

Ẹ̀yìn obìnrin kan tó ń jẹ́ Pasita ni mo máa ń dúró sí ní kíláàsì ijó ìdárayá wa, nítorí náà mo mọ ẹ̀yìn rẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ. Obìnrin kúkúrú ni, ejìká rẹ̀ fẹ̀, ó ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún. Batsoy, ọbẹ̀ núdù olómi eegun, ló ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà La Paz ní ìlú Iloilo níbí, ní ilẹ̀ Philippines. Ìkòkò eegun rẹ̀ á ti wà lórí iná kó tó wá bá wa, tó bá sì gbọ́wọ́ sókè, òórùn aáyù ló máa ń kọ́kọ́ kàn mí nímú.

Abẹ́ òrùlé pápá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àdúgbò wa la ti ń jó, aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, lọ́jọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì. Obìnrin bí ogún ni wá. Aránṣọ ni èmi, Herminia lorúkọ mi. Tíṣà wa ń jẹ́ Jovelyn, kò tíì pé ọdún márùndínlógójì, a sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kì í fi wá wé ara wa.

Lọ́dún tó kọjá, Jovelyn lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì ní Bacolod. Nígbà tó dé, ó dúró níwájú wa, kò tan orin. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, kí oníkálukú máa mú ohun kan ṣoṣo tí yóò fọkàn sí ká tó bẹ̀rẹ̀ ijó, ohun kan nínú ara rẹ̀, kó sì máa ṣọ́ ọ láti orin àkọ́kọ́ dé ti ìparí. Ó ní kì í ṣe ohun tí a fẹ́ kó ṣẹlẹ̀, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni.

Ọ̀pọ̀ wa ló ní ikùn la máa ṣọ́, kó lè fà. Obìnrin kan ní ohun tí òun yóò fọkàn sí ni awakọ̀ kẹ̀kẹ́ tó máa ń jókòó sẹ́nu géètì wò wá. A rẹ́rìn-ín títí, Jovelyn náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò tan orin síbẹ̀.

Ó ní, “Ẹ ò lè rí i kí ikùn máa dín kù láàárín wákàtí kan. Ẹ mú ohun tẹ́ ẹ lè ká mọ́.”

Mo mú gìgísẹ̀ mi. Kí ijó ọjọ́ náà tó parí, mo ti rí i pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni mo fi ń jó, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn, bẹ́ẹ̀ gbogbo ọmọ mi ló ti relé ọkọ. Ó yà mí lẹ́nu. Bí mo ṣe ń rìn lọ sílé, gìgísẹ̀ mi ni mò ń wò.

Pasita ní tirẹ̀ mú èémí, ó rò pé òun ló rọrùn jù. Nígbà tí a jó tán, ó fi tówẹ̀lì kọ́rùn, ó lọ bá Jovelyn, tí àwa àgbà máa ń pè ní Inday, tí òun náà sì máa ń pè wá ní Manang, ìyẹn ẹ̀gbọ́n.

“Inday, mi ò mí.”

“Ẹ ò mí báwo, Manang?”

“Nínú orin kẹrin. Mò ń mí nínú àwọn yòókù. Tó bá ti kan ti kẹrin, ó máa lọ. Mi ò mọ ibi tó ń lọ.”

Jovelyn ní yíyí ni. Orin kẹrin la ti máa ń yí po lẹ́ẹ̀mẹrin, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń sé èémí tí wọ́n bá ń yí. Ó ní kó máa ṣọ́ ọ. Pasita ṣọ́ ọ ní Ọjọ́rú, ó ṣọ́ ọ ní Ẹtì, ìròyìn kan náà ló mú wá. Nígbà yẹn gbogbo kíláàsì ti gbọ́, ọ̀rọ̀ náà sì di tiwa. Ẹnì kan ní ọjọ́ orí ni. Ẹlòmíràn ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, èyí sì mú kí Jovelyn ran Pasita lọ sí ilé ìlera. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó ní ọkàn rẹ̀ lágbára ju tòun fúnra òun lọ. Ìyẹn wá jẹ́ kí ó dùn mọ́ wa láti wádìí sí i.

Ní Ẹtì tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ijó, Jovelyn ní kí Pasita yí po láìsí orin. A yí i ká. Ó yí lẹ́ẹ̀mẹrin, àyà rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń wá sílẹ̀.

Mo ní, “Ó ń mí.”

Jovelyn wá ní kó dúró jẹ́ẹ́, kó dijú, kó má mira rárá. Ó tan orin kẹrin. Kí ìlù orin náà tó wọlé, agogo kan máa ń dún ṣáájú, kríìn kríìn, lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ejìká Pasita gòkè, ó sì dúró síbẹ̀. Èmi tí mo mọ ẹ̀yìn yẹn rí i. Jovelyn dá orin náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ejìká tún gòkè.

Mo ní, “Ibẹ̀ ni.”

Àwọn kan pàtẹ́wọ́, bí ìgbà tí èèyàn bá rí kọ́kọ́rọ́ tó ti sọnù. Ṣùgbọ́n Pasita lajú, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Fóònù ni.” Ó gbé báàgì rẹ̀, ó ní ìkòkò òun wà lórí iná, ó sì lọ.

Mo tẹ̀ lé e dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. N kò ní parọ́: àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó bu batsoy fún mi láì bi mí bóyá ebi ń pa mí. Ó wá jókòó, ó sì sọ̀rọ̀.

Gbogbo wa la mọ̀ pé Silverio ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún méjì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan ló ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Èmi gan-an wà níbẹ̀, èmi ni mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé fóònù dún nígbà yẹn. Arnulfo ọmọ wọn kan ṣoṣo, tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òkun, máa ń pè ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ̀mí ti bọ́ lára Silverio. Pasita gbé fóònù náà. Ọmọ kí i, ó béèrè bàbá rẹ̀. Pasita ní ó ń sùn. Ó tún ní ọbẹ̀ dùn lónìí.

Ó ní agbami òkun ni ọmọ náà wà, ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí wọ́n tó rí ilẹ̀, òun rò ó pé ta ni yóò bá a sunkún níbẹ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ ló tó sọ fún un. Wọ́n ti sin Silverio nígbà náà.

“Kò bi mí nípa ọjọ́ yẹn rí,” ni Pasita wí. “Èmi náà ò sọ. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo máa ń sé èémí. Mo rò pé bí mo ṣe máa ń gbé fóònù nìyẹn.”

Mo bi í ohun tó fẹ́ ṣe. Ó ní òun kò tíì mọ̀, òun fẹ́ kọ́kọ́ wò ó ná.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nìyí. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń ṣọ́ èémí náà bí èèyàn ṣe máa ń ṣọ́ ẹyẹ tó bà sínú àgbàlá, kó má baà fò. Tó bá dé kíláàsì, á ròyìn fún wa. Agogo ilé ìwé kò ṣe é ní nǹkan kan. Ti kẹ̀kẹ́ náà kò ṣe é ní nǹkan. Tí fóònù oníbàárà bá dún, èémí á lọ, ṣùgbọ́n kì í pẹ́. Fóònù tirẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi ló burú jù. Jovelyn ní òun yóò yọ orin kẹrin kúrò.

Pasita ní, “Má yọ ọ́. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n dáadáa.”

Ní ọjọ́ Ìsinmi kẹta, lẹ́yìn ìsìn, ó ní kí n wá bá òun jókòó ní ṣọ́ọ̀bù. Fóònù dún, ejìká rẹ̀ gòkè. Kò gbé e. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn, bí Jovelyn ṣe kọ́ wa, ó dúró. Fóònù dún títí ó fi dákẹ́. Ìgbà tó pẹ́ díẹ̀ ni èémí jáde fúnra rẹ̀, ó gùn, mo gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló pe ọmọ rẹ̀ padà, ó tan sípíkà kí èmi náà lè gbọ́.

Ẹ̀rù ti ba Arnulfo. “Nanay, kí ló ṣẹlẹ̀?”

Ó ní kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ó wá ní, “Toto, ọmọ mi, ọjọ́ tí Tatay rẹ kú, mo parọ́ fún ọ. Kò sùn.”

Arnulfo gbé ohùn sókè borí ìró ẹ́ńjìnnì.

“Mo mọ̀, Nanay. Mo gbọ́ ohùn Manang Herminia lẹ́yìn yín. Wọ́n ń pe orúkọ Tatay, wọ́n ń sunkún.”

Èmi rèé, ṣíbí wà lọ́wọ́ mi, mi ò lè gbé e sẹ́nu.

Pasita ní, “Kí ló dé tí o ò sọ?”

“Ẹ ní ọbẹ̀ dùn. Mo rí i pé ẹ fẹ́ kó ku ẹnì kan tí Tatay kò tíì kú fún. Ni mo bá ní kó jẹ́ èmi.”

Ó ní inú ilé ìwẹ̀ ọkọ̀ lòun ti sunkún, òun sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ní òun kò bi ìyá òun ní nǹkan kan kó má baà rò pé òun ń bínú. Pasita bi í bóyá ó bínú lóòótọ́. Ó ní òun bínú díẹ̀, lóṣù àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ibo gan-an ni Tatay ṣubú sí? Aṣọ wo ló wọ̀? Ṣé ó sọ̀rọ̀? Ìbéèrè ọdún méjì. Pasita ń dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ̀gbẹ́ ìjókòó pupa yẹn nídìí ìkòkò, ẹ̀wù funfun tí àpò rẹ̀ ti ya, rárá, kò sọ nǹkan kan, àfi pé ó ti ń kọrin láàárọ̀ ọjọ́ náà. Èmi ni mo dìde lọ dín iná ìkòkò kù.

Èémí náà kò padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ Ajé, ejìká gòkè nínú orin kẹrin, ṣùgbọ́n ó sọ̀ kalẹ̀ kí ìlù tó wọlé. Lẹ́yìn oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo kàn rí i pé a ti jó orin náà kọjá, n kò sì rántí pé mo rí ejìká kankan. Arnulfo wálé ní oṣù kejì ọdún, ó lọ sí ibojì bàbá rẹ̀, ó jẹ abọ́ batsoy mẹ́ta léraléra, ó sì sùn títí di ọjọ́ kejì.

Mo bi Pasita lọ́sẹ̀ yìí ohun tó ń ṣọ́ báyìí. Ó ní àgbọ̀n òun ni. Ó ní ó máa ń le bí ẹni tó ń fọ́ eegun lẹ́nu, nígbàkígbà tí Jovelyn bá ní ká pààrọ̀ ìlà tí a dúró sí. Kò tíì mọ ìdí rẹ̀. A jọ ń wò ó.