Èènì Tí Kọ̀ǹpútà Kò Mọ̀

Èmi Moyọ̀sọ́rẹ ni mò ń ṣe ìṣirò owó fún Màmá Akínladé, èmi náà ni mo sì gbé kọ̀ǹpútà wọ ìsọ̀ wọn ní ọjà Kure. N kò ní parọ́, mo fi yangàn. Ìsọ̀ méjì ni Màmá ní: ti Kure ń fi abọ́ ìwọ̀n tí à ń pè ní múdù ta ẹ̀wà, ti Bosso ń tà á lódidi àpò. Ètò tí mo gbé dé so méjèèjì mọ́ ilé ìkẹ́rùsí àti ìwé owó. Bí wọ́n bá ti tẹ ohun tí wọ́n tà sí i, yóò yọ ọ́ kúrò lára ẹrù, yóò sì kọ owó rẹ̀ sínú ìwé fúnra rẹ̀.

Oṣù kan pé, mo wo àbájáde. Bosso pé géérégé. Ní Kure, àpò tó yẹ kó bọ́ sí ogójì múdù ń bọ́ sí méjìdínlógójì. Nàímátù nìkan ló sì ń wọn ẹ̀wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́jọ.

"Ẹ̀rọ kì í parọ́, mà," ni mo wí níṣojú rẹ̀.

Màmá kò pariwo. "Nàímátù, bí èyí bá tún ṣẹlẹ̀, wàá máa lọ sílé."

Nàímátù gbé múdù rẹ̀, ó padà sídìí ẹ̀wà.

Lọ́jọ́ kejì, ó ń tẹ́ ojú múdù pẹrẹsẹ, ó ń dà á sínú ọ̀rá, ó parí. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àpò bọ́ sí ogójì gẹ́lẹ́. Inú mi dùn. Mo ní ọwọ́ ti tẹ olè.

Àfi Hàjíà kan láti Fadikpe, oníbàárà àtijọ́, tó kọ̀ tí kò gbé ọ̀rá tirẹ̀.

"Haba! Ina gyara?"

Èènì rẹ̀ ló ń béèrè. Nàímátù fi Hausa dá a lóhùn pé kọ̀ǹpútà kò mọ èènì.

Màmá gbójú sókè. "Moyọ̀sọ́rẹ, ibo lo kọ èènì sí nínú nǹkan yìí?"

Mo wo ojú kọ̀ǹpútà, kò sí níbẹ̀. Èmi tí wọ́n fi èènì tọ́ dàgbà! Ẹ̀kúnwọ́ kan lórí múdù kọ̀ọ̀kan títí àpò fi tán, múdù méjì náà nìyẹn. Ojú tì mí gan-an.

"Èmi ni mo kọ́ Nàímátù," ni Màmá wí. "Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé ni mo ti sọ fún un pé ẹni tí kì í fún ènìyàn ní èènì kò lè bá mi tajà. Nàímátù, ọmọ mi, má bínú."

Mo ṣí àyè tuntun nínú ètò náà, mo pè é ní èènì, mo kà á mọ́ ìnáwó bí owó ọkọ̀ àti owó ọ̀rá. Lẹ́yìn náà ni mo lọ ra múdù ẹ̀wà kan lọ́wọ́ Nàímátù, nítorí n kò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀ ẹ́. Ó wọ̀n ọ́n, ó tẹ́ ojú rẹ̀ pẹrẹsẹ, ó dà á sínú ọ̀rá. Mo sanwó, mo dúró.

Ó wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan kún un.

"Àǹtí," ó ní, "ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀."