Ihò Tó Dì, Ihò Tó Dí

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ sún mọ́bí díẹ̀, òfófó wà lẹ́nu mi. Àmọ́ kì í ṣe òfófó ẹ̀rín o. Ẹ sáà má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ Àrìnkẹ́ ni, èyí tó ń gbé Wakefield ní Bronx níbí, tó ń tọ́jú arúgbó ní Williamsbridge. Kí ọkọ ẹ̀, Olúwọlé, tó dé Amẹ́ríkà, kùsà ló ń wà ní Bukuru, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jos. Òkúta dúdú wínníwínní yẹn ni, tí wọ́n ń yọ́ fi ṣe agolo. Igbá ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ nínú odò. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Pẹ̀lúmi, ẹ̀kọ́ òkúta náà ló lọ kà ní yunifásítì. Ẹ ò rí i pé ẹ̀jẹ̀ ni?

Ní ìparí oṣù kẹsàn-án, wọ́n ní kí òun àti ọ̀gá ẹ̀ níbẹ̀, obìnrin òyìnbó kan tó ń jẹ́ Christina, lọ sí odò tẹ́ẹ́rẹ́ kan lókè lọ́hùn-ún ní Alaska, níbi tí ọkọ̀ kankan kì í dé àfi bàálù kékeré. Kí wọ́n lọ wá ibi tí kùsà inú odò náà ti ń wá.

Kó tó lọ, òun àti bàbá ẹ̀ ń jiyàn ní kíṣìnnì.

"Daddy, àpáta orí òkè ló ń fọ́ o. Omi á gbé iyanrìn lọ, kùsà á jókòó sísàlẹ̀."

"Torí ó wúwo ni. Kùsà kì í rìn jìnnà sílé, ọmọ mi. Wúrà ni alárìnkiri. Tó o bá ti rí kùsà lódò, gbójú sókè, ìyá ẹ̀ ò jìnnà."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò kàwé!"

"Igbá ni PhD tèmi."

Àrìnkẹ́ ní, "Ẹ jẹ́ kó jẹun, ẹ̀yin awakùsà."

Ó ṣe, wọ́n dé Alaska. Àwọn awakùsà ayé àtijọ́ ti gbẹ́ ihò kiri etí odò náà, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹfà, Pẹ̀lúmi gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì sátẹ́láìtì tí wọ́n gbé dání, ó fi voice note ránṣẹ́ sí bàbá ẹ̀. Àrìnkẹ́ wà níbi iṣẹ́, ó ń wẹ ìyá arúgbó kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn náà ni Christina pè tẹkúntẹkún. Yìnyín ya mọ́ Pẹ̀lúmi lẹ́sẹ̀, ó jìn sínú ihò olómi. Kí wọ́n tó fà á jáde, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Wọ́n sìnkú tán, bàbá ò sunkún. Ìbínú ló gbà á.

"Ihò mìíràn ni! Ọmọ mi bi mí, mo dá a lóhùn. Èyí tí mo ní kó tẹ̀ ti dí. Obìnrin yẹn ló tì í lọ síbòmíràn."

Ló bá kọ ìwé ẹ̀sùn sí ilé ẹ̀kọ́ ọmọ náà, pé kí wọ́n lé Christina lẹ́nu iṣẹ́. Ó lọ fi han àlùfáà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbàgbé fóònù sílé.

Ohùn ọmọ ń wu Àrìnkẹ́ gbọ́. Ó mú fóònù, ó tẹ̀ ẹ́.

"Daddy, iho yẹn ti di. Ṣe mo le rin lori ẹ?"

Ohùn ọmọ Bronx, ó lọ pẹrẹsẹ, kò gòkè, kò sọ̀. Ó wá gbọ́ èsì bàbá: "Tó bá ti dí, kò séwu. Orí ẹ̀ làwa náà máa ń gbà kọjá ní Bukuru. Máa lọ, ọmọ mi."

Àrìnkẹ́ tún un tẹ̀, ó tún un gbọ́. Bàbá gbọ́ pé ihò ti dí, pé iyẹ̀pẹ̀ ti kún un. Níbo ni yìnyín wà ní Bukuru? Àmọ́ òun ìyá ló tọ́ ọmọ. Bàbá kì í sí nílé, iṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú ló ń ṣe ní Jamaica, àdúgbò kan nínú ìlú wa níbí náà. Àtikékeré ni Pẹ̀lúmi ti máa ń tọwọ́ bọ omi tó dì lẹ́yìn fèrèsé, á ní, "Mummy, o ti di." Tí nǹkan bá wá dí, kì í pè é bẹ́ẹ̀. "Mummy, sink ti block" ló máa ń wí.

Fọ́tò kan wà lábẹ́ ohùn náà tí bàbá ò ṣí, torí ojú tó ń dùn ún. Àrìnkẹ́ ṣí i. Funfun báláú, ó tẹ́jú bí àwo. Yìnyín ni. Ọmọ yẹn gbà pé kò sí ihò kùsà tí bàbá òun ò mọ̀ láyé.

Àrìnkẹ́ káwọ́ lérí. Tó bá sọ fún un, ọkùnrin yẹn ò ní yè é. Tó bá dákẹ́, wọ́n á gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni tí kò ṣẹ̀. Ló bá pa gbogbo ẹ̀ rẹ́: ìbéèrè, èsì, fọ́tò.

Bàbá wọlé, ó na bébà sí i. "Ìyá Pẹ̀lúmi, fọwọ́ sí i."

"Mi ò ní fọwọ́ sí i."

"Kí ló dé?"

"Ẹ jẹ́ ká fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

"Ọlọ́run ló tì í somi ni? Àbí òyìnbó yẹn ti fún ẹ ní nǹkan jẹ?"

"Ẹ bú mi, ó dáa. Mi ò fọwọ́ sí i."

"Dúró, jẹ́ kí ọmọ ẹ fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ fún ẹ." Ó mú fóònù. Ó fà á sókè, ó fà á sódò. "Ohùn ẹ̀ dà? Ìyá Pẹ̀lúmi, ohùn ọmọ mi dà?"

"Mi ò mọ̀."

Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ó ṣì ń wá a. Kò fi ìwé yẹn ránṣẹ́, kò ya á. Oúnjẹ Àrìnkẹ́, kò fẹnu kàn án mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ yìí, ẹ má tan ara yín o. Ká ní ẹ̀yin ni, ṣé ẹ ò bá sọ fún un? Àbí ẹ ò bá fọwọ́ síwèé? Kí lẹ ò bá ṣe?