Aṣọ Pupa Ẹ̀gbẹ́ Páìpù

"Òsì, Orrin! Òsì ni mo wí! Ṣé etí rẹ dí ni?"

Ohùn Doyle Haskin ló ń han gooro nínú rédíò ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbá yìnyín. Haskin ni ọ̀gá àwọn tó ń gbá yìnyín kúrò lójú ọ̀nà ní Tarbell. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti dìbò yàn án sípò. Orrin Yerdon ló ń wa ọkọ̀. Iwájú ló tẹjú mọ́, ibi tí yìnyín ti ń já lulẹ̀ wìtìwìtì débi pé kò rí imú ọkọ̀ ara rẹ̀. Láti àná ni afẹ́fẹ́ ti ń gba orí Adágún Ontario bọ̀, tó ń fa omi rẹ̀ mu, tó sì ń wá da gbogbo rẹ̀ lé wọn lórí. Ní Bellwater, tí kò ju máìlì mẹ́wàá sí wọn lọ, oòrùn ń ràn, àwọn èèyàn sì ń fi ìgbálẹ̀ lásán gbá ẹnu ọ̀nà wọn. Ní Tarbell, yìnyín tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ti balẹ̀, ààrá tún ń sán láàárín rẹ̀.

"Dá ọkùnrin yẹn lóhùn jàre," ni Darla Moak wí. Ẹ̀gbẹ́ Orrin ló jókòó sí, òun ló ń gbé irin tó ń ti yìnyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ sókè sódò. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti lò lẹ́nu iṣẹ́ náà, ẹnu rẹ̀ kò sì mọ ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù. "Bí o kò bá dáhùn, á rò pé a ti kú, inú rẹ̀ á wá dùn."

"Mo gbọ́ o, ọ̀gá," ni Orrin wí sínú rédíò. "Àmọ́ òsì yẹn ti kún. Ilé àwọn èèyàn ló wà níbẹ̀."

"Lágogo méjìlá ni àwọn àlejò Thayer ń dé. Mi ò fẹ́ rí òkìtì kankan lẹ́nu géètì ọkùnrin yẹn. Ṣé ó yé ọ?"

Ó yé e. Ta ni kò yé ní Tarbell? Bí iṣẹ́ yìí ṣe rí látọjọ́ tó ti wà ni pé, bí ọkọ̀ bá ń lọ, ọ̀tún ni yóò da yìnyín sí. Bó bá ń bọ̀, ọ̀tún náà ni. Ìhà méjèèjì ọ̀nà á jọ pín ìyà náà, kò sẹ́ni tó máa bínú sẹ́nì kan. Àfi ìgbà tó di oṣù kọkànlá, tí Royce Thayer tó ni ilé ìtura gbé alùpùpù orí yìnyín méjì, tuntun tí ń dán, wá fún Haskin, tó ní kí ó máa bá òun tọ́jú wọn. Haskin ń tọ́jú wọn lóòótọ́: òun ló ń gùn wọ́n lọ́jọ́ iṣẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Láti ìgbà náà, lílọ ni o, bíbọ̀ ni o, gbogbo yìnyín Ọ̀nà Shingle Mill, tó gba iwájú ilé ìtura náà, di ti ìhà kejì, níbi tí ilé páànù gbọọrọ mẹ́rin tò sí. Àwọn tó ń fọ ilé ìtura náà tí wọ́n sì ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn àlejò ló ń gbé inú wọn. Thayer ló tún ni àwọn ilé náà.

Orrin yí irin ńlá iwájú ọkọ̀ sí òsì. Yìnyín ru sókè, ó ré ọ̀nà kọjá, ó sì wó lé òkìtì tó ti ń bá òrùlé ilé àkọ́kọ́ dọ́gba.

"Ṣé o rí i?" Darla béèrè.

"Mo rí i. Ó ṣì ń mí."

Aṣọ pupa kan ni wọ́n ń wò. Ní ìlú yìí, kí òtútù tó dé, kálukú a máa ri igi mọ́lẹ̀ síbi tí kò fẹ́ kí yìnyín bò, a sì so aṣọ pupa mọ́ ọn lórí, kí awakọ̀ lè rí i. Ti ilé àkọ́kọ́ yìí jẹ́ ti Màmá Nettie Lafave, opó ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ẹ̀gbẹ́ páìpù tó yọ lára ògiri rẹ̀ ló ri igi náà mọ́, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ti ń tú èéfín jáde. Bí páìpù yẹn bá dí, inú ilé ni èéfín olóró náà máa padà sí, kò sì ní òórùn tí èèyàn lè fi mọ̀ ọ́n. Emmett, ọkọ màmá, ló kọ́ Orrin níṣẹ́ nínú ọkọ̀ yìí gan-an kó tó kú.

Lóṣù tó kọjá, yìnyín bo igi náà mọ́lẹ̀, Orrin fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ lọ gbẹ́ páìpù jáde.

"Màmá, igi yín yìí mà kúrú o," ló fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ wá nǹkan ṣe sí i. Bí mo bá ti ń rí aṣọ pupa yẹn látinú ọkọ̀, mo mọ̀ pé páìpù yín ń mí."

"Wàá rí i," ni màmá fèsì. "Emmett ò bo igi mi rí. Bí ìwọ náà bá tún bò ó, wàá gbàgbé adùn kéèkì mi." Ó sì gé kéèkì lé e lọ́wọ́.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, ní ẹ̀ẹ̀mẹfà tí Orrin ti gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ yìí, aṣọ pupa ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ń wá. Bó bá ti rí i tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lókè òkìtì, ọkàn rẹ̀ a balẹ̀, a sì máa da yìnyín lọ.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, Thayer jáde sẹ́nu géètì rẹ̀, ife kọfí lọ́wọ́, ó ń juwọ́ sí wọn. Iwájú ilé ìtura náà mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Orrin dúró, ó sọ gíláàsì kalẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ bá mi fọn fèrè fún Nettie níbẹ̀ yẹn. Aago méje ló yẹ kó wọṣẹ́, mi ò tíì fojú kàn án. Yàrá mẹ́fà ló wà nílẹ̀ tí kò tíì tún ṣe."

"Kò wá?" ni Orrin béèrè.

"Kò wá. Mo pè é lórí fóònù, kò gbé e. Torí yìnyín kékeré yìí? Ọ̀nà mà mọ́! Ìyá yẹn ti ń ya ọ̀lẹ."

"Ọ̀nà tìẹ ló mọ́," ni Darla wí.

Orrin kò gbọ́ gbogbo ìyẹn mọ́. Ó ń wo aṣọ pupa náà.

"Àǹtí Darla, igi màmá, báwo ló ṣe ga tó?"

"Kò ju àyà mi lọ."

"Òkìtì yẹn wá ńkọ́? Kí ni aṣọ yẹn wà lórí rẹ̀?"

Darla ti fa ṣọ́bìrì yọ lẹ́yìn ìjókòó, ó ti fò bọ́ sílẹ̀.

Wọ́n gun òkìtì náà, wọ́n ń gbẹ́ lọ sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi. Igi mọ́ọ̀bù ni wọ́n kọ́kọ́ rí, orúkọ ilé ìtura Thayer wà lára rẹ̀. Wáyà ni màmá fi so ó mọ́ igi mọ́ọ̀bù mìíràn, ó sì so ìyẹn mọ́ igi àtijọ́. Ó ti fà á gùn bí Orrin ṣe ní kó ṣe. Páìpù wà nísàlẹ̀ pátápátá, yìnyín ti dì sí i lẹ́nu gbagidi.

Orrin fi ṣọ́bìrì fọ́ fèrèsé. Màmá Nettie jókòó sórí àga pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn rẹ̀, ó ti wọ bàtà kan, èkejì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n bíi tẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú òtútù wọlé. Ẹ̀rọ tó yẹ kó ké nígbà tí èéfín bá kúnlé wà lára ògiri níbẹ̀. Kò sí bátìrì nínú rẹ̀.

"Màmá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde! Mò ń rí aṣọ yín! Látàárọ̀ ni mo ti ń rí i!"

"Orrin," ni Darla wí, ó di apá rẹ̀ mú. "Ó ti lọ. Jẹ́ ká wo àwọn ilé yòókù."

Wọ́n lu ògiri, wọ́n fọ́ gíláàsì. Ọpẹ́ ni pé àwọn tó wà nínú ilé dáhùn. Àwọn ará ilé mẹ́ta yòókù fi orí fífọ́ àti èébì jáde láti ojú fèrèsé, àwo àti ìkòkò lọ́wọ́, wọ́n ń gbẹ́ páìpù wọn.

Iwájú ilé ìtura ni ọkọ̀ ilé ìwòsàn dúró sí, torí kò síbòmíràn tó mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé Màmá Nettie gbà, aṣọ funfun lójú rẹ̀. Haskin gun ọ̀kan nínú àwọn alùpùpù náà dé, ó lọ bá ọlọ́pàá kan tó ti dé, tó ń kọ̀wé.

"Kò sàmì sí páìpù rẹ̀, àbí?" ló wí. "Ojoojúmọ́ là ń kìlọ̀ fún wọn."

Orrin ti fa igi náà tu. Ó wọ́ ọ kọjá ọ̀nà, ó jù ú sílẹ̀ gbàgà níwájú àwọn méjèèjì, ó gùn ju ọkọ̀ ọlọ́pàá lọ.

"Àmì rẹ̀ rè é. Èmi ni mo ní kó fà á gùn. Ìwọ lo sì ní kí n da gbogbo rẹ̀ sí òsì. Ọlọ́pàá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Ọlọ́pàá náà wo Haskin. Kò kọ ọ́.

"Yìnyín ló pa á," ni Haskin wí. "Ta ló lè bá yìnyín jà? Kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ fún mi, kí o máa lọ sílé."

"Ẹ jọ̀ọ́ o," ni Thayer wí, ó ń wo ilẹ̀ rẹ̀ tó ti ń funfun padà. "Ọkọ̀ àwọn àlejò ti dé ìsàlẹ̀ ọ̀nà. Ta ló máa gbá ibí fún mi?"

Haskin gba kọ́kọ́rọ́, ó gun ọkọ̀ tó ń gbá yìnyín náà fúnra rẹ̀.

Orrin gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ Darla, ó sáré gba inú ihò tí wọ́n gbẹ́ lọ sílé Màmá Nettie kọjá, ó ń pariwo kí àwọn tó wà nídìí páìpù sá sẹ́yìn. Ó gbọ́ tí ọkọ̀ náà bú ramúramù lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbọ́ ìró irin iwájú rẹ̀ tó ń yí, ó sì bojú wẹ̀yìn.

Òsì ló ń yí sí.