Ìlú Tí Wọ́n Kó Lọ

Níbi tí mo ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́ wá, iná kì í lọ. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ "iná dé!" Nígbà mìíràn, bí mo bá tan iná yàrá, ọkàn mi a padà sí Joju, àdúgbò mi àtijọ́ ní Ọ̀tà, màá sì tún pa iná náà. Ìyàwó ọmọ mi a ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ jókòó sínú òkùnkùn?" Màá ní kò sí nǹkan.

Ìgbà Sáàpù ni, ètò tí ìjọba ológun fi mú ọrọ̀ ajé le koko. Ilé-iṣẹ́ tí a ti ń hun bùláńkẹ́ẹ̀tì ní Sango ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Òwú tó ń ti òkè òkun wá ti di ọ̀wọ́n gógó, iná ò dúró, a ó kàn jókòó ti ẹ̀rọ bí ẹni ń ṣọ́ òkú. Wọ́n ti ní kí ọ̀pọ̀ nínú wa máa lọ sílé. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa a máa mú wa jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Nígbà tí a ń jíròrò ti ọdún 1988, Ọ̀ṣìnúbí, ọmọ bíbí Ọ̀tà tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ bá iná nílé ẹ̀, nígbà tí kò fẹ́ wá bá wa nílé." A rẹ́rìn-ín títí. Bí a ṣe mú Káíńjì nìyẹn, ìsédò ńlá orí Odò Ọya.

Mùíbátù, tí a tún ń pè ní Ìyá Mùbárákà, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Òun ló ń rán etí bùláńkẹ́ẹ̀tì, ìtòsí ilé mi ní Joju sì ni òun àti Àdìzát, ìyá rẹ̀, ń gbé. Ó tẹ̀ lé mi jáde.

"Bọ̀dá Ayọ̀rìndé, ṣé ọ̀nà Káíńjì yẹn gba Èbúté Ọlọ́bì kọjá?"

"Èwo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ó wá ṣàlàyé. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni bàbá rẹ̀, ó ń ṣòwò obì létí odò náà. Ibẹ̀ ló kú sí nígbà tí Mùíbátù ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, lábẹ́ igi àjàgbọn. Ìyá rẹ̀ pọ̀n ọ́n wá sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ọ̀tà. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ni oníṣòwò kan kọjá, ó ní ìjọba ti kó gbogbo Èbúté Ọlọ́bì lọ sí ibi tuntun nítorí dáàmù.

"Màámi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, àìsàn yìí náà ò sì fẹ́ lọ. Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ̀ mí: kí n wá sàréè Bàbá lọ síbi tí wọ́n kó o lọ, kí n bá òun ro orí ẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ bá ọkọ òun pàdé kó wá máa bi òun pé ta ló ń tọ́jú ilé òun."

Lọ́jọ́ ìrìn-àjò, ó gbé ọkọ́ kékeré kan wọ bọ́ọ̀sì, ó fi ìborùn wé e. Ọ̀ṣìnúbí ti rí i.

"Ìyá Mùbárákà! Ọkọ́ kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ lọ gbẹ́ odò tuntun fún wọn ni?"

"Ẹnu ẹ ni màá kọ́kọ́ fi gbẹ́."

Gbogbo bọ́ọ̀sì hó. A sùn ní Ìlọrin, a gba Jẹ́bà kọjá, a débẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kan, Akíndé, ọmọ Ẹdẹ, ló mú wa yí ká. Ó mú wa dé ibi tí omi ti ń yí àwọn ẹ̀rọ ńlá, tí ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Lẹ́yìn náà a gun orí ògiri náà. Apá kan, omi ń hó funfun nísàlẹ̀. Apá kejì, adágún náà lọ títí ojú ò fi tó o mọ́, ó dákẹ́ rọ́rọ́.

"Ọdún 1964 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀," ni Akíndé wí. "Wọ́n fọ́ àpáta, wọ́n da kọnkéré. Ní 1968 ni wọ́n ti odò pa. Odò Ọya tí kì í gbà fún ẹnikẹ́ni, ó padà sẹ́yìn, ó ń wá ibi tí yóò jókòó sí."

Mùíbátù sún mọ́ ọn. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n kó Èbúté Ọlọ́bì lọ?"

Inú Akíndé dùn pé ẹnì kan mọ orúkọ náà. Ó nawọ́ sí adágún. "Ṣé ẹ rí ọkọ̀ apẹja yẹn? Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni, ìyá."

"Mo ní ibi tí wọ́n kó o lọ."

"Ènìyàn ni wọ́n kó. Wọ́n kọ́lé tuntun fún wọn lókè lọ́hùn-ún."

"Sàréè ńkọ́?"

"Ta ní í kó sàréè?" Ó ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ kó tó rí orí ọkọ́ tó yọ nínú ìborùn. Ẹ̀rín náà kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ kan péré, "kó", ló ṣi ìyá àti ọmọ lọ́nà. Ẹni tó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ ò purọ́. Bí a bá kó kúrò nílé, a kì í ká ilẹ̀ dání.

Mùíbátù kúnlẹ̀ ti irin ẹ̀gbẹ́ ògiri náà, ó kí omi: "Àsàlámù aléékùm, Bàbá." Ọ̀ṣìnúbí ṣí fìlà.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, tí Ọ̀tà kù díẹ̀, Mùíbátù yíjú sí mi. "Bọ̀dá, omi tó ń fún wa níná yìí, orí Bàbá mi ló ń gbà kọjá, àbí?"



Ìrọ̀lẹ́ ń ṣú nígbà tí mo sìn ín wọlé. Kò sí iná ní Joju, àtùpà kan ló wà nílẹ̀ yàrá. Àdìzát dìde jókòó lórí ẹní, ó nawọ́ gba ọkọ́ náà, ó fi àtàǹpàkò ra ojú rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Mùíbátù, kò sí iyẹ̀pẹ̀ lára ọkọ́ yìí."

Mo wolẹ̀.

"Kò sí koríko lórí ẹ̀ ni, Màámi. Ẹyọ kan ò sí."

"Hẹ̀ẹ́n! Àwọn tó kó o lọ ń tọ́jú ẹ̀ nìyẹn. Ṣé ibẹ̀ tutù?"

"Ó tutù, Màámi. Ó tutù gan-an."

"Alihamudulilahi."

Àfi bí iná ṣe dé wàì! Gbogbo ọmọdé àdúgbò hó yèè. Gílóòbù tàn sójú Mùíbátù, omijé ti wẹ̀ ẹ́ dé àgbọ̀n. Ìyá rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ṣì ń rí fìrífìrí, ń yí orí bọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀. Mùíbátù fò dìde, ó fẹ́ àtùpà pa, ó pa iná ògiri.

"Ṣé wọ́n tún ti mú un lọ ni?"

"Ẹ̀n, Màámi. Wọ́n ti mú un lọ."

Lóde, àwọn ọmọdé ò tíì dákẹ́ ariwo iná tó dé. Ìyá àgbà gbọ́ wọn. Ó fa ọkọ́ náà mọ́ àyà, kò sì bi ọmọ rẹ̀ ní nǹkan kan mọ́.