Ilẹ̀kùn Ọ̀gá Akínlabí

Wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àmọ́ Ọ̀gá Akínlabí ní ìyẹn ò kan kọ̀ǹpútà. Tirẹ̀ ni pé bí ìdáhùn bá tilẹ̀ hàn ní ìlà àkọ́kọ́, kí ètò dì í mọ́wọ́, kó ka gbogbo ìlà tó kù tán, kó tó gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo jáde nísàlẹ̀. Bó ṣe kọ ètò tó ń ṣí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wọn l'Ájáh náà nìyẹn. Ẹ gbà mí!

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni wọ́n fẹ́ so yìgì Mùínàt, ọmọbìnrin tó ń bá ọ̀gá kọ ètò. Ó dúró níwájú ilẹ̀kùn láti inú, ó fẹ́ jáde lọ síbi yìgì.

"Ṣé ọ̀gá fún ọ láyè?" ni ilẹ̀kùn bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó yẹ kó ṣí. Ó tì o! "Ṣé o ti jẹun? Ṣé o pa fáànù?" Ó dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí méjèèjì. "Ṣé o máa padà wá lónìí?"

"Èmi ìyàwó ọ̀ṣìngín? Rárá!"

Rárá yìí ló gorí gbogbo bẹ́ẹ̀ ni tó ti sọ. Ilẹ̀kùn tì gbọin. Ẹlòmíràn ì bá purọ́, àmọ́ Mùínàt ò fẹ́ gbé irọ́ wọ ilé ọkọ.

Nígbà tí wọ́n retí rẹ̀ tí níbi yìgì, Ishaq ọkọ ìyàwó, tó ń wa tírélà ní èbúté Lẹ́kì, gbé Àfáà àti bàbá ìyàwó wá síwájú ilẹ̀kùn onígíláàsì náà, kí wọ́n lè so yìgì níbẹ̀.

Àfáà pariwo láti ìta: "Mùínàt, ṣé o gba Ishaq lọ́kọ?"

"Mo gbà, sà!"

Ọ̀gá fò dìde nídìí tábìlì rẹ̀ nínú ọ́fíìsì. "Àfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gba ìdáhùn yẹn! Ẹ béèrè ìyókù ná! Single exit, ọ̀nà àbájáde kan ṣoṣo, la máa ń ṣe níbí!"

Àfáà wò ó bí ẹni wo ewúrẹ́ tó wọ mọ́ṣáláṣí. "Ọmọ ní òun gbà. Kí ló tún kù?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Mùínàt lákínyẹmí ara. Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó fi ìlà kan há abẹ́ ìbéèrè àkọ́kọ́: bí ọ̀gá bá ti fún un láyè, ṣí, má béèrè nǹkan mìíràn.

"Tó o bá tẹ nǹkan yẹn," ni ọ̀gá wí, "iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ nìyẹn o."

Mùínàt fẹ́ràn iṣẹ́ náà gan-an. Àmọ́ Ishaq ń làágùn lẹ́yìn gíláàsì. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. Gbogbo òṣìṣẹ́ tú jáde, wọ́n ń kọrin ìyàwó. Ọ̀gá nìkan ló kù sẹ́nu ọ̀nà. Ó fẹ́ jáde, ojú rẹ̀ fi hàn, àmọ́ ó ní òun ò tíì dáhùn ìbéèrè dé ìlà ìkẹyìn.

Mùínàt bojú wẹ̀yìn. Àánú ọ̀gá ṣe é débi pé ó sunkún, lẹ́yìn náà ló wọ mọ́tò ọkọ rẹ̀.